Apá Ọba Kọ̀rọ̀

Ajé, 3 oṣù kejì

Tíṣà tí mo gbà láti máa kọ́ mi ní sínúkà ní kí n máa kọ ohun tí apá mi bá ṣe sílẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́ o, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní Tíṣà, ilé ìwé tí mo lọ, tábìlì sínúkà ni, ihò mẹ́fà ló ní, kò sí ìkankan tí wọ́n ti ń kọ̀wé níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín. Ihò mẹ́fà yẹn ló ń san owó iṣẹ́ ẹ̀.

Ó dáa, apá mi rèé lónìí: wọ́n nà mí. Ìpele àkọ́kọ́ ìdíje. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa lágbọ̀n ẹ̀, nà mí títí mo fi ń wá ibi tí mo kọ́ ẹ̀wù mi sí. Léraléra ni mo ta bọ́ọ̀lù dúdú sí kọ̀rọ̀ tó sì jókòó sẹ́nu ihò. Kì í ṣe pé mi ò ta á dáadáa. Ó débẹ̀, ó yọjú wo inú ihò, ó ní òun ò wọ̀. Èmi o! Èmi Ọba Kọ̀rọ̀! Bọ́ọ̀lù tó bá ti kọjú sí kọ̀rọ̀ òsì nísàlẹ̀ tábìlì, gbogbo ayé mọ̀ pé tèmi ni. Kí bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó fẹ́ ìyá ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó nà mí tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Mo ní kó bá mi kí wọn nílé.

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ti fowó kún yàrá, wọ́n sì ti yọ ẹyin kúrò nínú oúnjẹ àárọ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kejì

Mo délé. Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, pínnì wà lẹ́nu ẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Tí mo bá gbé àpótí ọ̀pá mi sórí tábìlì ìjẹun, ó mọ̀ pé mo jẹ. Tí mo bá gbé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó mọ̀ pé wọ́n jẹ mí. Tábìlì ìjẹun ti gbàgbé bí àpótí ṣe rí.

Ó yọ pínnì lẹ́nu. "Ipò kelòó lẹ wà báyìí?"

"Kejìlélọ́gọ́ta."

"Ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àkọ́kọ́ náà ṣì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú eré tí ọdún eré bá parí?"

"Òun náà ni. Àwọn yòókù á padà sílé."

"Nígbà tẹ́ ẹ wá tọrọ mi, ẹ sọ fún bàbá mi pé kọkànlá ni yín."

"Kọkànlá náà ni mí nígbà yẹn."

"Mi ò sọ pé irọ́ ni, Dádì. Mo kàn ń wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni."

Ẹtì, 7 oṣù kejì

Tíṣà fi fóònù ya apá mi láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀pá sẹ́yìn, ó tọ́. Tẹ́ ẹ bá wá tì í síwájú báyìí, apá á yà sọ́tùn-ún, bí ẹni tó ń da omi ìdọ̀tí nù tí kò fẹ́ kó ta sí òun lẹ́sẹ̀."

Mo wò ó. Mo tún wò ó. Nígbà tí ojú mi ṣì mú, ojú ló ń bo àṣírí apá. Mo ń rí àṣìṣe náà kí n tó ṣe é. Ojú ti ń rẹ̀ báyìí. Aṣọ tábìlì tí wọ́n ń lò lóde òní náà tún fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù ń sáré lórí ẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Kì í dárí ji èèyàn.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi."

"Lórí tábìlì ta ni?"

"Ti Bàbá Ṣọ́ọ̀kì."

"Ṣé tábìlì náà dọ́gba?"

Mo bi í bóyá orí ìyá tó bí i dọ́gba. Mo tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ìyá ẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Àìkú, 9 oṣù kejì

Mo lọ sí gbọ̀ngàn Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Tábìlì kan ṣoṣo, bẹ́ńṣì kan, fèrèsé tí kò ṣeé tì. Abẹ́ tábìlì yẹn ni mò ń sùn nígbà tí mi ò ní ibòmíì. Òun ló gbà mí síbẹ̀, kò bi mí pé ọmọ ta ni. Ṣọ́ọ̀kì tí à ń fi pa ẹnu ọ̀pá ti wọ ìka ọwọ́ bàbá náà débi pé ọṣẹ ò lè yọ ọ́ mọ́. Orúnkún ti ń dà á láàmú. Ó na kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sí mi.

"Wá gba ibí yìí, kí n lọ jókòó."

"Bàbá, ẹ fẹ́ kí kìnnìún wá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?"

"Kìnnìún tí eyín ẹ̀ ń mì, ẹnu ọ̀nà ò burú fún un."

Onígbàjámọ̀ ti ń pariwo láti orí bẹ́ńṣì. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, kò ní ìtìjú. "Ọba Kọ̀rọ̀! Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti rọ̀ ẹ́ lóyè?"

Mo mú ọ̀pá. Mo dijú. Mo ta bọ́ọ̀lù pupa kan láti òkè tábìlì sí kọ̀rọ̀ mi. A gbọ́ ọ nínú ihò: gbì. Wọ́n pariwo orúkọ mi títí àwọn tó wà ní òpópó fi ń yọjú wọlé. Ohun tí Tíṣà bá ń wí, òun ló mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kejì

Mo jẹ! Mo jẹ ọkùnrin tí a ń pè ní Adití, tí kì í kí èèyàn. Ó kí mi lónìí. Ó dùn ún wọ egungun.

Mo bá Onítábìlì sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ń to tábìlì fún gbogbo ìdíje wa. Mo ní kó wá bá mi wọn tábìlì Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún Tíṣà pé ó dọ́gba. Ó ní òun á yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọgbọ́n nìyẹn. Tí mo bá fẹnu ara mi sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń fọ́nnu.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kejì

Wọ́n nà mí.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

Ooru ń pa èèyàn. Onítábìlì dé pẹ̀lú lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wò bóyá nǹkan dọ́gba, bíi ti àwọn bíríkìlà, àmọ́ tiẹ̀ gùn, ó sì ń dán. Mo ti pe gbogbo wọn wá ṣe ẹlẹ́rìí: Onígbàjámọ̀, Awakọ̀ tá a jọ ń ta bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Tíṣà pàápàá. Mo ra ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo wọn. Ẹ wo aṣiwèrè.

Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó wá mú bọ́ọ̀lù funfun, ó gbé e sí àárín tábìlì, ó fi ìka kan tì í díẹ̀, bí ẹni tó ń jí ọmọ tó ń sùn. Bọ́ọ̀lù náà ń yí lọ, kò yára, kò sì dúró. Ó tẹ̀ sí òsì. Ó wọ kọ̀rọ̀ mi. Gbì.

Bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò ta.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Háà! Ṣé tábìlì ló ti ń jọba látọjọ́ yìí, tá a wá ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Awakọ̀ fi ń nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá ṣe?

Onítábìlì ní ilẹ̀ ló rì lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan, ó sì ti pẹ́. "Kò pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó nípọn tó ẹyọ owó méjì." Tíṣà ò yọ̀ mí, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó kàn rọra sọ pé: "Ṣé ẹ rí i báyìí? Kẹ́ ẹ tó lè ta á sí ihò márùn-ún yòókù, ẹ ní láti máa tì í sápá ọ̀tún, níbi tó ga. Apá yín ò ṣẹ̀. Ó gbọ́n ni. Tábìlì ló tàn án jẹ."

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Bàbá ti ní kí wọ́n tún tábìlì náà ṣe. Kò bi mí. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ, òkúta abẹ́ ẹ̀ hàn síta bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Onítábìlì wà nílẹ̀, ó ń fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ tábìlì.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí tìẹ wọ́. Lọ mú ọ̀pá ẹ, jẹ́ n sinmi."

Ó ti dọ́gba báyìí. Ibi tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù sí, ibẹ̀ ló ń wà. Mo ta á sí kọ̀rọ̀ mi títí ọwọ́ fi ro mí. Mi ò fẹ́ kọ iye tó wọlé.

Ajé, 10 oṣù kẹta

Tíṣà dá ìgò kan dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n máa ki orí ọ̀pá bọ ẹnu ìgò, kó má kan etí ẹ̀, kí apá lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ tààrà. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó ti ta bọ́ọ̀lù níwájú kámẹ́rà, ń ki igi bọ ìgò láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi epè ṣe.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Ó ń kan etí.

Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Ó ń kan etí. Ejìká ń dùn mí. Ṣọ́ọ̀kì tún ti wọ́n sí i.

Àìkú, 16 oṣù kẹta

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ò dáa. Onígbàjámọ̀ ta, kò wọlé. Awakọ̀ ta, kò wọlé. Àwọn tó ti ń ta á níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, ọwọ́ gbogbo wọn ló ti mọ ibi tí tábìlì tẹ̀ sí, àwọn fúnra wọn ni ò mọ̀ pé ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Onígbàjámọ̀ ju ọ̀pá sílẹ̀.

"Bàbá, tábìlì yín ti yadi. Tẹ́lẹ̀, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ó tọ́ ni," Bàbá dá a lóhùn.

"Kí la fẹ́ fi títọ́ ṣe? Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ọba, ìwọ lo kó bá wa. Nítorí pé apá ẹnì kan fẹ́ tọ́, apá gbogbo ọmọ èèyàn ti wọ́."

Àwàdà ni, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Wọ́n ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ òpópó báyìí, níbi tí wọ́n gbé tábìlì kéékèèké sí, tí orin ń pariwo.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Ìdíje. Wọ́n nà mí. Mi ò ní apá mọ́. Apá àtijọ́ mọ ọ̀nà ilé, mo ti lé e jáde. Tuntun ṣì ń ṣe àlejò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé ṣé kóun wọlé. Kí n tó dá a lóhùn, mo ti ta bọ́ọ̀lù. Rẹfirí ń wò mí bí ẹni tó ń wo mọ̀lẹ́bí aláìsàn.

Ipò kẹrìndínláàádọ́rin.

Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi ń gé aṣọ fún obìnrin kan tí ejìká ẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe irú èyí.

"Kí ni n bá ṣe? Tí ara oníbàárà bá wọ́, aṣọ là ń gé tọ̀ ọ́. Àbí ara ni kí n gé?"

Ó gé e débì kan, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Dádì, ẹ fi eré yìí sílẹ̀."

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Kẹ́ ẹ wá máa jẹun."

Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní láti abẹ́ tábìlì ni mo ti dìde, kò sẹ́ni tó gbé mi débi tí mo dé, kò sì sẹ́ni tó máa gbé mi kúrò níbẹ̀. Mo sọ ọ́ gan-an. Mo na ìka.

Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ọbẹ̀ ti tutù."

Ajé, 14 oṣù kẹrin

Ìdíje tó kẹ́yìn ọdún eré. Mo gbọ́dọ̀ jẹ ẹni méjì kí wọ́n tó fi mí sílẹ̀ nínú eré. Gbọ̀ngàn tutù bí inú fíríìjì, mo ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìka mi. Adití ni wọ́n tún fún mi. Mo jẹ ẹ́! Lẹ́ẹ̀kan, lórí bọ́ọ̀lù kan tó jìnnà, apá tuntun wọlé láìbi mí, ó lọ, ó tọ́ bí òwú tí wọ́n fà. Mi ò mọ irú ẹ̀ rí láyé mi. Omi lé sí mi lójú lórí àga, mo díbọ́n bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì ló kó sí i.

Mo pe ilé. Ìyàwó mi ní, "Ẹ gbé àpótí sórí tábìlì òtẹ́ẹ̀lì. Mo máa rí i látibí."

Mo gbé e síbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹrin

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ó ku géèmù kan láàárín wa. Nínú géèmù náà, ó ku bọ́ọ̀lù kan, dúdú. Ẹni tó bá ta á wọlé ló jẹ. Ibi tó kọjú sí rèé: kọ̀rọ̀ òsì nísàlẹ̀ tábìlì. Tèmi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ orúkọ mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín àwọn tó ń wòran.

Tẹ́lẹ̀, mi ò kì í wo irú bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe apá ló ń gbé e wọlé lórí àwọn tábìlì ìdíje, àìbẹ̀rù ni. Mo tẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Ohun tí mo rí ni bọ́ọ̀lù funfun Onítábìlì, tó ń yí lọ fúnra ẹ̀. Mo bi ara mi pé: gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ta ló ń ta á?

Ọ̀pá jáde. Apá àtijọ́ àti tuntun ló jọ tì í. Dúdú débẹ̀, ó yọjú wo inú ihò, ó jókòó.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọra tì í wọlé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní oṣù kejì, ẹ̀gbọ́n ló pè mí. Lónìí ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Kò fi bú mi. Ọmọ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló burú.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹrin

Àpótí wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Ẹtì, 25 oṣù kẹrin

Tíṣà wá sílé. Ó ní àwọn tí wọ́n já kúrò lè padà lóṣù kẹfà, tí wọ́n bá bá àwọn ọmọ tuntun du ààyè. Ìyàwó mi gbé omi fún un, ó padà sídìí ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ̀rọ ò dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi sílẹ̀. Ọdún kan sí i." Ó fi apá mi hàn mí lórí fóònù, ti oṣù kejì àti tòní. "Ẹ wò ó. Ó ku díẹ̀."

Òótọ́ ni. Ó ku díẹ̀. Mo rí i. Ì bá sàn kó parọ́ fún mi.

"Tábìlì tó dọ́gba wà nítòsí yín, ìyẹn nìkan lẹ nílò. Ẹ má ṣáà fọwọ́ kan èyí tó wọ́ mọ́ láé. Tẹ́ ẹ bá ta á níbẹ̀ fún ọ̀sán kan péré, apá àtijọ́ á padà, kò sì ní lọ mọ́."

Mo ní màá dá a lóhùn. Mo lè ṣe é o. Ohun tí mo ti ṣe láyé yìí ju ìyẹn lọ. Mo sọ ọ́ sókè lẹ́yìn tó lọ. Ẹ̀rọ ìyàwó mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àìkú, 27 oṣù kẹrin

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì nìkan ni mo bá ní gbọ̀ngàn, ó ń nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Bẹ́ńṣì ti bu eruku.

"Wọn ò wá, Bàbá?"

"Òjò ni."

"Òjò ò rọ̀."

"Ṣé ó di dandan kó rọ̀?" Ó di etí tábìlì mú kó tó lè nàró. "Tábìlì ẹ ni. Máa ta bọ́ọ̀lù ẹ."

Mo ta á. Ó ń lọ tààrà. Kò sí ariwo kankan nínú ilé náà àfi tèmi.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù karùn-ún

Mo pe Onítábìlì. Mo ní kó gbé jáàkì bọ̀, kó dá a padà sí bó ṣe wà.

Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ó ní òun ò kọ bó ṣe tẹ̀ sí sílẹ̀ ní pàtó, ẹyọ owó méjì tóun sọ lọ́jọ́sí, ẹnu lásán ni. Ta ló ń pa ìwọ̀n ohun tó wọ́ mọ́? Mo ní kó má yọnu. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n láyé yìí.

Bàbá ní, "Ṣé o ti rò ó?" Mo ní mo ti rò ó.

Onítábìlì dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, níbi tí mò ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Èmi mú ọ̀pá. Mo pe apá àtijọ́, àfi bí ẹni pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló jókòó sí láti oṣù kẹta tó ń dúró dè mí. Mo ta á.

"Kò tíì tó. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀."

Mo tún ta á.

"Díẹ̀ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

"Apá mi ni ìwọ̀n. Máa sọ̀ ọ́. Ó tó. Rárá, o ti sọ̀ ọ́ jù, gbé e padà."

Báyìí la ṣe é títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo ṣe ń ta á ni mò ń gbọ́ títọ́ yẹn tó ń jáde lára mi, bí omi ṣe ń jò láàárín ìka, gbogbo ìgò, gbogbo ejìká tó dùn mí, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó lọ bí òwú. Mi ò dúró. Nígbà tó yá, mo ta á sí ihò àárín, ó lọ bó ṣe máa ń lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ní, "Fi síbẹ̀."

Mo ránṣẹ́ pe Onígbàjámọ̀. Ó wá, ó ń fajú ro. Ó ta ẹyọ kan, ó wọlé. Ó ta òmíràn, ó wọlé. Ó gbá tábìlì mọ́ra bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ padà dé. "Ó ti ń sọ̀rọ̀! Awakọ̀, wá gbọ́, ó ti ń sọ̀rọ̀!"

Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbà á. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́.

Tíṣà ránṣẹ́ sórí fóònù: Ẹ̀gbọ́n, apá ńkọ́? Mi ò dá a lóhùn. Ibí yìí ló ní kí n máa kọ ọ́ sí.

Apá mi rèé lónìí. Ilé kún. Wọ́n ní, "Ọba Kọ̀rọ̀, ṣe èyí tó o máa ń ṣe fún wa!" Mo gbé pupa sí òkè tábìlì. Mo dijú. Mo ta á. Gbì. Wọ́n pariwo orúkọ mi, Onígbàjámọ̀ ń lu bẹ́ńṣì, èmi dúró síbẹ̀, mi ò tètè lajú, kí n má lọ rí ẹni tó gbé e wọlé.